Bí Mo Ṣe Jowú Òkúta Àwọn Ọmọ Ogun Pólàǹdì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ti ń ká mi lára láti bí oṣù mélòó kan, òní ni mo fẹ́ tú u jáde. Kò dùn ún sọ o, torí ọ̀rọ̀ owú ni. Kì í ṣe owú ọkọ, kì í ṣe owú ilé tàbí mọ́tò. Òkúta ni mo jowú! Òkúta tí wọ́n gbé kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko olóko, nínú abúlé tí mi ò dé rí, fún àwọn tó ti kú kí wọ́n tó bí ìyá tó bí mi.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá bá yín rẹ́rìn-ín ká ní kì í ṣe èmi ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé River Road ní Barking, nílùú ọba níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń di kéèkì sínú páálí fún àwọn supermarket. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ láti ilé wa ní Thames View. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Danuta. Ọmọ Pólàǹdì ni, ó fi díẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí, iwájú irun rẹ̀ ti funfun, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa ń dúró sí nídìí ẹ̀rọ. Tí mo bá gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wá, á bá mi jẹ níbẹ̀, á máa fẹ́ ẹnu torí ata. Tí òun náà bá gbé kéèkì ilé wọn wá, a jọ máa jẹ ẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ ni wá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa rò pé ọ̀tá mi ni.

Lọ́jọ́ kan tí a wà lórí break, ó ní òun fẹ́ bẹ̀ mí ní nǹkan kan. Ó ní ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí ìyá òun wà lára àwọn ọmọ Pólàǹdì tó sá wá sí ìlú ọba nígbà ogun Hitler, tí wọ́n ń bá àwọn òyìnbó wa ọkọ̀ òfuurufú lọ ju bọ́ǹbù sí Jámánì. Ìdí ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n yẹn máa ń jókòó sí, òun ló ń yìnbọn sí ẹni tó bá ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n ń padà bọ̀ lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ wọn já sínú oko kan ní Lincolnshire. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nínú rẹ̀ kú.

Ó ní àwọn ará abúlé náà gbé òkúta ìrántí síbẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n sì ń péjọ síbẹ̀. Òun ò dé ibẹ̀ rí. Òun ò ní mọ́tò, reluwé ò dé abúlé yẹn, bọ́ọ̀sì kì í sì í lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Ṣé mo lè gbé òun lọ?

Kí ló dé tí mi ò ní gbé e lọ? Mo ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì pé wọn ò ní rí mi lọ́jọ́ ìsinmi yẹn, kí wọ́n bá mi gbé sùtánà mi kọ́. Ká sòótọ́, mo rò pé ìrìn fàájì lásán ni. Mo rò pé a ó dé ibẹ̀, a ó bá òkúta kékeré kan nínú igbó, a ó gbàdúrà, a ó ya fọ́tò, a ó padà sílé.

Bá a ṣe gba orí títì M11 lọ nìyẹn. Danuta gbé òdòdó tó rà ní East Street lé itan, ó sì kó àwọn àbẹ́là onígíláàsì pupa tí wọ́n máa ń tàn fún òkú nílùú wọn sí ẹsẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní ìyá-ìyá òun máa ń sọ pé ẹ̀gbọ́n òun yẹn fẹ́ràn ijó, pé kò sí ọmọge tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò wọn. Èmi ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí i. Mi ò tíì mọ nǹkan kan.

Nígbà tá a débẹ̀, ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Mọ́tò kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà! Mo ní bóyá ìsìnkú ni wọ́n ń ṣe. Àfi ìgbà tí mo rí àsíá funfun òun pupa tí atẹ́gùn ń fẹ́ lórí òpó, tí mo sì rí àwọn èèyàn tó wọ bàtà òjò tí wọ́n ń gba etí oko lọ. Bàbá kan fa ajá lọ́wọ́. Àwọn ọmọ iléèwé mú òdòdó dání. Ẹnì kan tiẹ̀ gbé àga wá fún àwọn àgbàlagbà.

Òkúta náà kò tóbi. Kò ga ju àyà mi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀! Koríko tó yí i ká, wọ́n gé e bí irun ọkọ ìyàwó. Ọgbà kékeré tí wọ́n ṣe sí i, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán. Irin kan tí wọ́n hú nínú oko, tó jẹ́ ara ọkọ̀ náà, wọ́n gbé e sí ìdí òkúta, kò sí ìdọ̀tí lára rẹ̀. Orúkọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀, lẹ́tà wúrà, kò sí èyí tó ti parẹ́.

Mo bi Danuta bóyá abẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n sin wọ́n sí. Ó ní rárá, wọ́n sin wọ́n sí itẹ́ àwọn ológun ní ìlú míràn, ibí kàn jẹ́ ibi tí ọkọ̀ já sí ni.

Ẹ gbọ́ ná. Sàréè lọ́tọ̀, òkúta lọ́tọ̀!

Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti kọ́kọ́ ta mí lọ́kàn. Díẹ̀ ni. Mo gbójú kúrò.

Ìyá àgbà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Jean ló ṣe olórí ètò náà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Bàbá rẹ̀ ló ni oko yẹn nígbà ogun, òun ló sì kọ́kọ́ sáré dé ìdí ọkọ̀ náà. Jean ní títí bàbá òun fi kú, kò gbin nǹkan kan sí igun oko yẹn. Tó bá ti dé ibẹ̀, á yí katakata rẹ̀ padà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ará abúlé dáwó, wọ́n sì gbé òkúta kalẹ̀.

Jean wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ wọn. Kò wo ìwé kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí orúkọ ọmọ Pólàǹdì rí, ẹ mọ bí lẹ́tà ṣe máa ń gun ara wọn níbẹ̀! Ìyá yìí pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kọsẹ̀. Nígbà tó dé orí ẹ̀gbọ́n ìyá-ìyá Danuta, Danuta fọwọ́ bo ẹnu. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí ìyá-ìyá òun ṣe máa ń pè é gẹ́lẹ́ nìyẹn. Jean ní òun jókòó nínú kíṣìnnì òun, òun ń pè é lápètúnpè títí ahọ́n òun fi gbà, torí òun ò fẹ́ kí ẹni tó kú sílẹ̀ bàbá òun máa gbọ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Fọlákẹ́ ni mò ń jẹ́. Ọdún kẹsàn-án mi rèé ní River Road, supervisor mi ṣì ń pè mí ní Flakey!

Owú wá mú mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Ọ̀fun mi gbẹ, àyà mi le. Gbogbo èèyàn ń sunkún, èmi náà ń sunkún, wọ́n rò pé mò ń bá wọn kẹ́dùn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mò ń bi ara mi pé, tèmi dà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Orúkọ bàbá mi ni Abídèmí. Ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí bàbá rẹ̀ ò sí nílé. Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn tí òyìnbó kó lọ sí ogun Búmà. Oyún bàbá mi wà nínú ìyá rẹ̀ nígbà tó lọ. Wọ́n bí i, wọ́n sọ ọ́ ní Abídèmí, pé bí bàbá bá dé, á bá ọmọ nílẹ̀.

Kò dé. Ẹnikẹ́ni ò wá sọ pé ó kú. Ẹnikẹ́ni ò wá sọ pé ó yè. Bàbá mi lọ iléèwé, ó ṣiṣẹ́, ó bí wa, ó darúgbó, ó kú, Abídèmí ló ṣì ń jẹ́. Ṣé ẹ rí i? Àwọn mẹ́fà yìí bá òyìnbó jagun, bàbá bàbá mi náà bá òyìnbó jagun. Ogun kan náà! Ti wọn, lẹ́tà wúrà. Tiwa, òfo.

Lẹ́yìn ètò, wọ́n kó wa lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà fún tíì àti kéèkì. Gbogbo èèyàn ló yí Danuta ká. Wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ń bá a ya fọ́tò, àwọn ọmọdé ń bi í léèrè bóyá ó jọ ẹ̀gbọ́n ìyá-ìyá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ pé níbi iṣẹ́, èmi àti òun la jọ máa ń fẹ̀yìn ti ògiri jẹun, ó wá di ọbabìnrin lójú mi. Mo mú ife tíì mi, mo lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Jean ló wá bá mi. Ó béèrè pé ta ni èmi wá rántí ní tèmi. Mo ní èmi kàn wa mọ́tò wá ni.

Kò lọ. Ó kàn ń wò mí. Mi ò mọ ohun tó tì mí, mo bá tú u palẹ̀ níbẹ̀! Mo sọ fún un pé bàbá bàbá mi náà bá wọn ja ogun yẹn, pé ó lọ sí Búmà, pé kò padà wá, pé kò sí òkúta, kò sí òdòdó, kò sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀ rí. Ohùn mi ti lọ sókè. Mo rí Danuta tó yíjú sí mi.

Jean fa àga, ó jókòó, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Kí ni orúkọ rẹ̀? Sọ ọ́ fún mi, èmi á pè é."

Mo ya ẹnu mi. Nǹkan kan ò jáde.

Mi ò mọ̀ ọ́n!

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Nílé wa, Bàbá Ọ̀nà la máa ń pè é. Ìyá bàbá mi, Màmá Àgbà, ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá orúkọ rẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹni tó wà lọ́nà, a kì í pè é bí ẹni ń pe òkú. Nígbà tí bàbá mi lọ forúkọ sílẹ̀ níléèwé, Abídèmí náà ni wọ́n kọ sí ipò orúkọ bàbá. Òun ló di orúkọ ilé wa títí dòní. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mi ò béèrè rí.

Ìyá òyìnbó kan nínú abúlé mọ orúkọ ọmọ Pólàǹdì mẹ́fà tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Èmi ò mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi. Ìtìjú bá owú, ó di méjì! Mo gbé ife kalẹ̀, mo lọ jókòó sínú mọ́tò.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Danuta tó jáde. Wọ́n ti di kéèkì fún un. Ó wọlé, ó de bẹ́líìtì, a gbéra. Ó ní òun ti ń retí ọjọ́ yìí látìgbà tí òun ti wà lọ́mọdé, èmi sì wá sọ ọ́ di ọjọ́ tèmi. Ó ní ojú tí mo fi ń wo òkúta yẹn, àfi bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n ìyá-ìyá òun jí nǹkan mi.

Inú bí mi. Mo ní oríire wọn pọ̀ ni, wọn ò kàn mọ̀ ni. Mo ní òyìnbó máa ń rántí òyìnbó, tiwa ni wọ́n máa ń gbàgbé. Mo ní ká ní àwọ̀ bàbá bàbá mi funfun, òun náà á ní lẹ́tà wúrà tirẹ̀.

Ó ní, "Fọlákẹ́, yà sí services tó wà níwájú yẹn. Mi ò fẹ́ kó o máa wa mọ́tò kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ."

Mo yà síbi tí àwọn awakọ̀ ti ń sinmi. Mo pa mọ́tò.

Ó wá sọ fún mi pé ìyá ẹ̀gbọ́n yẹn, ìyá tó lóyún rẹ̀, tó bí i, kú láì mọ ibi tí ọmọ òun wà. Ó ní lẹ́yìn ogun, ìjọba mìíràn dé sí ìlú wọn, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti bá òyìnbó jagun, ẹ̀sùn ni. Ìyá-ìyá òun kì í pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè nínú ilé, àfi tó bá ti ti fèrèsé. Ó ní òkúta yẹn dára, òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó rí i, kò rí i. Àwọn àjèjì ló ń sunkún ẹ̀gbọ́n ìyá-ìyá òun lókè òkun, ìyá rẹ̀ ò mọ̀.

Mo ní kó má bínú. Òun náà ní kí n má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má parọ́ fún yín: owú náà ò lọ. Ó kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni.

Danuta ló bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ṣì kù láyé tó mọ orúkọ bàbá bàbá mi. Mo ní ẹnì kan ló kù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a máa ń pè ní Màámi Àgọ́, torí Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ti dàgbà gan-an. Nígbà tí bàbá wọn lọ, ọmọ kékeré tó ti ń sáré kiri ni wọ́n. Danuta ní kí ni mo wá ń dúró dè?

Mo pè wọ́n níbẹ̀, nínú mọ́tò. Lẹ́yìn tí mo ti kí wọn, tí wọ́n ti béèrè ọkọ àti ọmọ, tí wọ́n ti bú mi pé mi ò pe àwọn láti ìgbà yìí, mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ Bàbá Ọ̀nà?"

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

Wọ́n ní, "Ta ló ń béèrè?"

Mo ní, "Èmi ni, mà."

Wọ́n ní, "Táíwò ni. Táíwò Ògúnbánjọ. Ìbejì ni wọ́n. Kẹ́hìndé wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ìsìnkú títí tí òun náà fi kú."

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohun tí mi ò gbọ́ rí láti ẹnu wọn. Wọ́n ní àwọn rántí ọjọ́ tí lọ́rì kó àwọn ọmọ Búmà padà wá sílùú. Àwọn sáré lọ. Àwọn ọmọ tó kù ń dì mọ́ bàbá wọn, àwọn bàbá náà wọ bàtà ṣọ́jà tó ń dún kò kò kò, wọ́n gbé àpótí lórí. Màámi ní àwọn ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí lọ́rì fi ṣófo. Wọ́n ní ọmọ kan wà ládùúgbò wọn, bàbá rẹ̀ mú bíléńkẹ́ẹ̀tì bọ̀ fún un láti Búmà, ọmọ náà á sì máa fi rìn kiri nínú oòrùn kí gbogbo ayé lè rí i.

Màámi Àgọ́ ní, "Fọlákẹ́, mo jowú ọmọ yẹn títí ó fi kú. Ìyá-ńlá ni òun náà nígbà tó kú o. Mo lọ síbi òkú rẹ̀, mo jẹun níbẹ̀, mo ṣì ń jowú rẹ̀."

Ṣé ẹ̀rín ni kí n rín ni, tàbí ẹkún ni kí n sun? Méjèèjì ni mo ṣe. Nígbà tí mo gbé fóònù kalẹ̀, mò ń sọ ọ́ lẹ́nu mi, Táíwò Ògúnbánjọ, Táíwò Ògúnbánjọ, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó ń bẹ̀rù kó má gbàgbé. Danuta ń gbìyànjú láti bá mi pè é. Kò tọ́ lẹ́nu rẹ̀ rárá, ó ń pe gb bí ẹni tó ń gbé omi mì. Ṣùgbọ́n ó pè é.

Bí mo ṣe délé ni mo pe Ṣẹ́gun, àbúrò mi tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo ní òkúta ni mo fẹ́! Mo fi fọ́tò ti àwọn Pólàǹdì ránṣẹ́ sí i. Mo ní irú èyí gan-an, lẹ́tà wúrà, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè Màmá Àgbà níwájú ilé. Ṣẹ́gun ní ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí? Mo ní owú ló ń ṣe mí, kó lọ wá ẹni tó máa gbẹ́ ẹ.

Ìjà akọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sí i ló dá a sílẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ òkúta fẹ́ kọ "Sùn un re o". Ó ní ohun tí òun máa ń kọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Màámi Àgọ́ ní kò gbọdọ̀ dán an wò. Wọ́n ní àwọn ò rí òkú bàbá àwọn, àwọn ò sì ní parọ́ sórí òkúta. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ẹ kọ pé Búmà ló lọ, ẹ kọ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjèèjì, ó tán. Ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ní ṣé kò ní dà bí ohun tí kò parí? Wọ́n ní bó ṣe rí náà nìyẹn, kò parí.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀, mo wà lórí break ní River Road. Ṣẹ́gun pè mí lórí fídíò. Danuta fi ara tì mí, àwa méjèèjì ń wo fóònù kékeré. Òkúta náà rẹwà! Kò ga tó ti àwọn Pólàǹdì, ẹ ò ní gbàgbọ́ pé mo fojú wọ̀n ọ́n. Màámi Àgọ́ jókòó tì í pẹ̀lú gèlè funfun. Àwọn ará àdúgbò ti kóra jọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbàlagbà kan já wọ agbo. Ó ń wo òkúta, ó ń fọwọ́ pa á. Ó ní bàbá tòun náà lọ sí Búmà, kò padà wá. Ó ní àyè ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ṣé wọ́n lè bá òun kọ orúkọ tirẹ̀ náà síbẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, Màámi Àgọ́ fò dìde. Wọ́n ní, "Láéláé! Ti bàbá mi ni òkúta yìí!" Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń dúró, ọjọ́ kan ṣoṣo tí àwọn ní nǹkan tí ẹlòmíràn ò ní, wọ́n tún fẹ́ pín in!

Ẹ sì gbọ́ ohun tí èmi ṣe. Mò ń mi orí sí i lọ́hùn-ún nínú yàrá oúnjẹ wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi, ẹ sọ fún un! Tiwa ni!

Danuta ò gbọ́ Yorùbá. Ó bi mí ohun tí ìyá yẹn wá tọrọ. Mo sọ fún un. Kò bá mi wí. Ó kàn ń wo ìyá àgbàlagbà náà nínú fóònù, ó ń wo bó ṣe dúró pẹ̀lú ọwọ́ lórí òkúta ẹlòmíràn. Ni èmi náà bá wò ó. Mo mọ bí ọ̀fun obìnrin yẹn ṣe gbẹ. Mo mọ bí àyà rẹ̀ ṣe le. Ta ló tún fẹ́ sọ ọ́ fún mi?

Mo ní kí Ṣẹ́gun gbé fóònù fún Màámi. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó fi bíléńkẹ́ẹ̀tì rìn nínú oòrùn yẹn, ṣé ó fún yín fi bora rí?"

Wọ́n ní rárá, ahun ni.

Mo ní, "Ẹ má jẹ́ ká ṣe bíi tirẹ̀, mà."

Wọ́n wò mí. Wọ́n pòṣé. Wọ́n yíjú sí ìyá yẹn, wọ́n ní, "Kí ni orúkọ bàbá rẹ?" Ìyá yẹn dáhùn kí wọ́n tó pa ẹnu dé, bí ẹni tó ti fi orúkọ náà pamọ́ sí abẹ́ ahọ́n láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀yìn òkúta ni wọ́n kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn mìíràn tún wá. Orúkọ mẹ́rin ló wà lẹ́yìn báyìí. Màámi Àgọ́ ní kí gbogbo ayé gbọ́ o, iwájú ṣì jẹ́ ti bàbá òun!

Danuta ti ní kí n tún gbé òun lọ sí Lincolnshire lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti gbà. Mo mọ̀ pé tí mo bá rí koríko yẹn tí wọ́n gé bẹ́ẹ̀, owú á tún mú mi. Kò burú. Owú yìí ló jẹ́ kí n gbé fóònù. Ká ní mo ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ká ní mo rẹ́rìn-ín, mo jẹ kéèkì, mo padà wá sí Barking, orúkọ yẹn ì bá bá Màámi Àgọ́ wọlẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ nìyí: tó o bá rí i pé nǹkan ẹlòmíràn ń ta ọ́ lọ́kàn, má tètè bú ara rẹ, má sì bú ẹni tó ni í. Béèrè ohun tí ìwọ ò ní. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ wá a. Tó o bá wá rí i, wo ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, bóyá ọ̀fun òun náà ti gbẹ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló jáde nílé yín tí kò padà wá, ì báà jẹ́ ogun, ì báà jẹ́ ìrìn àjò, tí wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí fún mi. Tẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbé fóònù lónìí, ẹ pe àgbà yín tó kù, kẹ́ ẹ tó wá kọ ọ́. Mi ò bìkítà bó ṣe gùn tó. Mo máa jókòó nínú kíṣìnnì mi ní Thames View, mo máa pe gbogbo wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àmì ohùn wọn.